Ẹrù Tí Ẹ Rà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Ò Dé: Bí Ẹ Ṣe Máa Wá Ọwọ́ Tó Há Sí

Orílé-Ìgànmú ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà. Lóṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, mọ́tọ̀ tó ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ mi jóná nígbà tí aṣọ ẹbí ìgbéyàwó méjì wà nílẹ̀, tí mo sì ti gba àsansílẹ̀ lórí méjèèjì. Mo wá mọ́tọ̀ dé Ìdúmọ̀tà, owó tí wọ́n pè kò ṣe é gbọ́. Ni mo bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọlọ́jà kan tó ṣèlérí pé láàárín ọjọ́ mẹ́rin ó ti dé ọwọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá. Mo pè, wọn ò gbé e. Mo kọ̀wé ránṣẹ́, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn pé ẹrù mi wà lọ́nà. Àwọn ẹbí ìyàwó ń pè mí láàárọ̀, wọ́n ń pè mí lálẹ́.

Lọ́jọ́ kejìlá, ọmọkùnrin kan tó ń fi báìkì gbé ọjà kiri wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń ráhùn, ó ní, "Aunty, ẹ gbé fóònù yín wá kí n wò ó." Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó wá ní, "Mọ́tọ̀ yín ti wà ní Orílé láti ọjọ́ kẹta, mà. Àmọ́ Orílé-Agége ni wọ́n gbé e lọ, kì í ṣe Orílé tiwa níbí." "Orílé" nìkan ni mo kọ sínú àdírẹ́sì. Ẹni tó ń ṣa ẹrù kò sì pè mí kó tó yan èyí tó wá sí i lọ́kàn.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn oníbàárà mi ti ń gbé fóònù wá bá mi tí ọjà wọn bá pẹ́. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ ẹrù tó pẹ́ kò sọnù rárá. Ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò mọ ohun tó kàn, tàbí tó mọ̀ ọ́n àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Ẹ má béèrè "nígbà wo ló máa dé?" Gbogbo wọn ló mọ ìdáhùn ìyẹn: "láìpẹ́". Ohun tí ẹ máa béèrè ni "ọwọ́ ta ló wà báyìí?"

Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́ yín dáadáa

Ẹ lọ wo ìlérí tí wọ́n ṣe gan-an, kì í ṣe èyí tó wà lọ́kàn yín. "Ọjọ́ márùn-ún" àti "ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún" kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ká ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ sanwó, tí wọ́n sì ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún: Ẹtì ni ọjọ́ kìíní, wọ́n máa fo Àbámẹ́ta àti Àìkú, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ló máa pé. Tí ọjọ́ ìsinmi ìjọba bá wọ àárín rẹ̀, ó di Ẹtì. Àwọn ọlọ́jà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹrù kúrò lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ti ń ka ọjọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí owó yín wọlé. Ó sábà máa ń wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní.

Láti òpin oṣù Kọkànlá tí gbogbo ilé ìtajà ń já owó ọjà wálẹ̀ títí dé ọdún Kérésìmesì, àti ní àyíká ọdún Iléyá, ẹ fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kún un lọ́kàn yín. Bákan náà ni ní oṣù Kẹfà àti Keje, nígbà tí òjò bá dé tí omi sì gba ojú ọ̀nà lọ́nà Lẹ́kkí sí Ajá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí ọjọ́ tí wọ́n dá bá ti kọjá pẹ̀lú ọjọ́ iṣẹ́ kan, ẹ dìde. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà torí pé mo rò pé mo ń ṣe sùúrù.

Ẹ kó ẹ̀rí jọ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

Ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín níbi tí nọ́ńbà ọ́dà wà, níbi tí tracking number (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ẹrù) wà, àti ojú ìwé ọjà náà níbi tí wọ́n ti kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n dá. Tó bá jẹ́ orí WhatsApp lẹ ti rà á, ẹ ya gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ẹni tó kọ ọ́ lè pa á rẹ́ mọ́ yín lójú. Àlẹ́ẹ̀tì tó wọlé sórí fóònù nìkan kò tó. Tó bá jẹ́ pé ẹ fi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, ẹ wọ inú áàpù báńkì yín, kí ẹ gbé rìsíìtì rẹ̀ jáde, èyí tí nọ́ńbà gígùn oní-dígíìtì 30 tí wọ́n ń pè ní session ID wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni báńkì máa fi wá owó yín rí, láìka ohun tí ọlọ́jà bá sọ sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé pélébé kan. Tèmi wà nínú àpótí tí mo ń kó sísọ́ọ̀sì sí. Ohun tí mo ń kọ kò ju èyí lọ:

"Ìṣẹ́gun, 10:20 àárọ̀. Obìnrin ló gbé e. Ó ní ilé ẹrù ní Ìkẹjà ló wà. Ó ní òun á pè kí ó tó di ọ̀sán Ọjọ́rú."

"Ọjọ́rú, 1:05 ọ̀sán. Kò pè. Mo pè, ọkùnrin ló gbé e, ó ní òun ò rí àkọsílẹ̀ kankan. Mo ka èyí tó wà lókè fún un."

Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí ohùn èèyàn ṣe ń yí padà tó bá ti gbọ́ pé ẹ ń ka ọjọ́ àti wákàtí fún òun.

Ọwọ́ ta ló wà?

Ọwọ́ mẹ́rin lẹrù Èkó máa ń gbà kọjá: ọlọ́jà, ilé ẹrù, oníbáìkì, àti ẹni tó gbà á dúró dè yín. Ìbéèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Tí ojú ìwé ọ́dà yín bá ṣì ń sọ "confirmed" tàbí "processing", ọwọ́ ọlọ́jà ló wà, tàbí kí n sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kó wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Èkó kò ní ọjà náà nílẹ̀. Ẹ̀yìn tí owó yín bá wọlé ni wọ́n ń sáré lọ sí Balógun, Aláàbà tàbí Computer Village ní Ìkẹjà lọ gbé e. Kò burú bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bá ti tà á tán, ẹ̀yin lẹ máa dúró. Ìbéèrè tí ẹ máa bi ọlọ́jà ni èyí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi nísinsìnyí, kí orúkọ mi wà lára rẹ̀." Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́, kó tó ìdajì wákàtí ó ti fi ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní in á bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Lójú tèmi, tí ọjọ́ iṣẹ́ méjì bá kọjá láìsí fọ́tò, ẹ ní kó dá owó padà, kí ẹ lọ rà á níbòmíràn.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà tàn yín. Ọlọ́jà lè tẹ ìwé orúkọ jáde kó sì fún yín ní tracking number láàárọ̀, kí ẹrù wà lábẹ́ káńtà rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Tí ẹ bá rí "label created" tí kò sí ohun mìíràn lábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì wá gbé e. Ọlọ́jà lẹ máa bá wí, kì í ṣe ilé iṣẹ́ agbẹ́rù.

Tó bá ti di "in transit" tàbí "arrived at hub", ilé ẹrù ló wà. Ibí yìí lẹrù ti ń sùn jù. Tó bá dúró sójú kan fún ọjọ́ iṣẹ́ méjì, ẹ má pe orílé-iṣẹ́ wọn nìkan, ẹ béèrè nọ́ńbà ẹ̀ka tí ẹrù wà. Ẹ bi wọ́n pé: "Ọ̀nà wo lẹ kọ ẹrù mi sí?" Ìdáhùn ìyẹn ló máa fi hàn bóyá wọ́n ti ṣà á sínú àpò àdúgbò tí kì í ṣe tiyín. Tí ibẹ̀ kò bá jìnnà sí yín, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ wá gbé e fúnra yín, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ọ́dà kí ẹ tó wọkọ̀. Káàdì ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà ọ́dà lẹ máa mú dání.

Tí ẹ bá rí "out for delivery", oníbáìkì ló gbé e lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ wọn ṣe rí, torí pé ọ̀pọ̀ ìjà tí à ń bá wọn jà kò sí lọ́wọ́ wọn. Ọmọkùnrin tó bá mi wá mọ́tọ̀ mi máa ń gba ẹrù ogún sí ọgbọ̀n láàárọ̀. Tí tÌsàlẹ̀ Èkó, Ọbáléndé àti Víkítóríà Áílándì bá wà nínú rẹ̀, á kó wọn pọ̀, á gba orí afárá Third Mainland, tó jẹ́ kìlómítà 11.8 láti Òwòròǹṣòkí títí dé ìsàlẹ̀ Adéníjì Adélé. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń kọjá. Tí ẹ kò bá gbé ìpè rẹ̀ nígbà tó wà ní Ọbáléndé, tó ti wá darí sí Yábàá, kò ní padà lọ́jọ́ yẹn, ẹ ì báà bẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí iná wà nínú fóònù yín, kí ẹ sì gbé gbogbo nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀. Tí ẹ ò bá ní sí nílé, ẹ sọ orúkọ ẹni tó máa gbà á fún yín kó tó gbéra.

Nígbà mìíràn, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ pé àwọn wá yín, àwọn pè, ẹ ò gbé e, nígbà tó jẹ́ pé fóònù wà lọ́wọ́ yín láti àárọ̀. Ẹ ya àwòrán àkọsílẹ̀ ìpè ọjọ́ yẹn láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé mẹ́jọ alẹ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó ṣe pàtàkì, torí pé tí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ léraléra, wọ́n lè dá ẹrù padà fún ọlọ́jà kí wọ́n sì sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ̀ ọ́.

Ọwọ́ kẹrin ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń kó ẹrù sí kí èèyàn wá gbé e, géètìmánì yín, tàbí aládùúgbò. Ṣọ́ọ̀bù báyìí ní iye ọjọ́ tó fi ń dúró deni. Ó máa ń wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Tó bá jẹ́ òkè òkun ló ti ń bọ̀

Ẹ wo bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe rí. Tó bá jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ orílẹ̀-èdè kan ló gbé e, lẹ́tà méjì ló máa wà níwájú, nọ́ńbà mẹ́sàn-án á tẹ̀ lé e, lẹ́tà méjì á parí rẹ̀: 13 ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀yìn ló ń sọ ibi tó ti gbéra. CN ni Ṣáínà, GB ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, US ni Amẹ́ríkà, NG ni tiwa. Tí lẹ́tà iwájú bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E, EMS ni, èyí tí wọ́n ń fi kánjú gbé. R jẹ́ lẹ́tà tàbí ẹrù kékeré tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. C jẹ́ páálí. Gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé ló jọ ń lò ó, nítorí náà nọ́ńbà kan náà ni NIPOST, ilé ìfìwéránṣẹ́ ti Nàìjíríà, máa fi wá a tó bá ti balẹ̀ síbí. Ẹ mú un lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò yín. Mo mọ ẹni tó retí oníbáìkì fún oṣù kan, tí ẹrù rẹ̀ sì wà ní pósọ́fíìsì tí ó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Ti ejẹ́ǹtì tó ń kó ẹrù láti Ṣáínà yàtọ̀. Tó bá ti wọ ilé ẹrù wọn ní Guangzhou, nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀ kò wúlò mọ́. Ẹ bi ejẹ́ǹtì bóyá ọ̀nà òfuurufú ni tàbí ojú omi, àti bóyá kọnténà ti gbéra. Ti ojú omi máa ń gbà tó oṣù kan ààbọ̀ sí méjì kó tó dé wáàfù Àpápá tàbí Tin Can, kí wọ́n tó tún yọ ọ́ jáde. Ní oṣù Kìíní tàbí Kejì, nígbà tí àwọn ará Ṣáínà bá ń ṣe ọdún tuntun wọn, ilé iṣẹ́ ọjà ń tì pa, òṣìṣẹ́ ń lọ sí abúlé wọn. Ohun tí ẹ bá rà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn, ẹ má fi dá ọjọ́ fún oníbàárà kankan.

Ní ti Kọ́sítọ́ọ̀mù, láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n ti yọ̀ǹda pé ọjà tí èèyàn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí iye rẹ̀ kò ju 300 dọ́là lọ, tí kì í sì í ṣe ohun tí òfin kà léèwọ̀, lè wọlé láìsan owó orí ọjà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Nítorí náà, tí ẹnìkan bá ní ẹrù 40 dọ́là yín há sí Kọ́sítọ́ọ̀mù torí owó, ẹ ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn yín.

Ẹ tún àdírẹ́sì yín kọ

Èkó yìí, orúkọ kan náà máa ń wà ní ibi méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ rí Orílé tó ṣe mí lọ́ṣẹ́. Abúlé-Ẹ̀gbá wà, Abúlé-Ọjà wà ní ẹ̀gbẹ́ Yábàá, Abúlé-Adó wà lọ́nà Bádágírì, àwọn èèyàn á sì kọ "Abúlé" lásán. Òpópónà tó ń jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ọjà, ẹ ò lè kà á tán. Bí mo ṣe ń kọ tèmi báyìí nìyí: nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà, ibùdókọ̀ tí wọ́n máa sọ̀ sí, àdúgbò ní kíkún, ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà àmì kan tí kò lè kúrò níbẹ̀. "Ilé aláwọ̀ ewé" kì í ṣe àmì, wọ́n lè tún un kùn lọ́la. Mọ́ṣáláṣí, ilé epo, ilé ìwé ìjọba, ìwọ̀nyẹn kò ní lọ síbì kankan. Nọ́ńbà fóònù méjì ni mo ń fi sí i, ọ̀kan láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn.

Tí ẹrù bá ti gbéra kí ẹ tó rí àṣìṣe, ẹ má dúró kó dé ibi tó ń lọ. Ẹ pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n yí i padà lórí ọ́dà, kí wọ́n sì fi íméèlì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ jẹ́rìí sí i. Èyí tí wọ́n fi ẹnu sọ lórí fóònù kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣa ẹrù.

Bí ẹ ṣe máa bá wọn sọ̀rọ̀

Ẹni tó ń gbé fóònù ní kọ́sítọ́mà kíà kọ́ ló mú ẹrù yín. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà nínú apó. Mo bú ọmọ ẹni ẹlẹ́ni nígbà ti mọ́tọ̀ yẹn, ó sì ṣì ń dùn mí, torí pé ó ti fi àìsùn wà níbẹ̀ bíi tèmi. Ẹ pẹ̀lẹ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó lọ láìsọ ọjọ́ àti wákàtí fún yín. Lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹ lè lo irú èyí:

"Ẹ káàsán. Nọ́ńbà ọ́dà mi ni ___. Mo sanwó ₦___ ní ọjọ́ ___. Ẹ ṣèlérí pé ó máa dé ní ọjọ́ ___. Òní ni ọjọ́ kẹ___ tó ti kọjá. Láàárọ̀ yìí, òṣìṣẹ́ yín sọ fún mi ní aago ___ pé ẹrù wà ní ___. Mo ń fẹ́ kí ẹ sọ fún mi kó tó di aago mẹ́rin ọ̀la: ọwọ́ ta ló wà, àti ọjọ́ tó máa dé. Tí kò bá dé ní ọjọ́ ___, mo fẹ́ kí ẹ dá owó mi padà sínú àkáǹtì tí mo fi san án."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kí ẹ má yọ. Láìsí ọjọ́ tí ẹ fúnra yín dá, wọ́n lè fi "láìpẹ́" gbé yín dé ọdún tó ń bọ̀.

Tí wọ́n bá ní ẹ ti gbà á, tí ẹ ò sì gbà á

Wákàtí 24 àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù níbí. Ẹ bi gbogbo ilé: géètìmánì, ìyàwó lańdílọ́ọ̀dù, ọmọ tó ń ta omi tútù níwájú ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ agbẹ́rù: ta ló fọwọ́ sí i, aago mélòó, níbo, fọ́tò dà? Ọ̀pọ̀ wọn ń ní kí oníbáìkì ya fọ́tò tàbí kí ó gba kóòdù lọ́wọ́ oníbàárà. Tó bá jẹ́ kóòdù, ẹ má fi fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù kí ẹrù tó wà níwájú yín. Tí ẹ bá ti ka kóòdù jáde, ẹ ti fọwọ́ sí i pé ẹ gbà á nìyẹn.

Àwọn tó ń fi ẹrù tó pẹ́ lu èèyàn ní jìbìtì

Àwọn olè mọ̀ pé a ń retí ẹrù. Ẹ máa rí àtẹ̀jíṣẹ́ pé "ẹrù yín há sí Kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ san ₦___ sí àkáǹtì yìí", tàbí líǹkì tó ní kí ẹ tún àdírẹ́sì kọ, tó wá ń béèrè nọ́ńbà káàdì ATM yín. Owó ìjọba kì í wọ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn. Tí wọ́n bá pè yín tí wọ́n ń kánjú yín, ẹ gé e, ẹ wọ áàpù tàbí ojúlé tí ẹ ti ra ọjà fúnra yín, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ti ṣèèṣì fi káàdì sílẹ̀, báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí wọ́n tì káàdì náà pa, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Nígbà tó bá di ti owó

Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ọjà tí ẹ ti pa láṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọlọ́jà lè yọ owó tó bọ́gbọ́n mu kúrò. Ó tún ní kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún yín ṣe é lákòókò, kó sì tètè sọ fún yín tí ìdádúró tí kò ṣe é yẹ̀ bá wà. Àjọ tó ń mójú tó o ni FCCPC. Ẹ lè kọ ẹ̀sùn sí wọn lórí ojúlé wọn láìsan kọ́bọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ní tirẹ̀, LASCOPA. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ agbẹ́rù ló jẹ̀bi, NIPOST ní ẹ̀ka tó ń fún wọn níwèé àṣẹ, ẹ fi ẹ̀dà kan ṣọwọ́ sí wọn. Gbogbo wọn ló máa kọ́kọ́ béèrè pé ṣé ẹ ti kọ̀wé sí ọlọ́jà. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ní kí ẹ kọ ọ́.

Tó bá jẹ́ káàdì lẹ fi san án, ẹ lọ sí báńkì yín, kí ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe dispute, ìyẹn ni pé ẹ ń ta ko owó tí wọ́n yọ. Kí ẹ tètè ṣe é, torí pé ó ní ọjọ́ tó ń parí. Tó bá jẹ́ owó lẹ fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì sí àkáǹtì, báńkì kò ní agbára bẹ́ẹ̀ láti fà á padà, àfi tó bá jẹ́ jìbìtì tí ẹ sì tètè pariwo. Tí báńkì kò bá yanjú ẹ̀sùn yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìdáàbòbò oníbàárà ní báńkì àpapọ̀, CBN.

Àwọn ibi méjì kan wà tí ọ̀pọ̀ ará Èkó kò mọ̀, tó sì dùn mí pé a kò mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan ni Citizens' Mediation Centre, ibi ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n máa pe ọlọ́jà, wọ́n máa mú ẹ̀yin méjèèjì jókòó sójú kan. Èkejì ni kóòtù Small Claims tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2018, fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ìwé tí ẹ fi béèrè owó yín lọ́wọ́ ẹni náà ni ẹ máa kọ́kọ́ kọ, wọ́n sì fẹ́ kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60. Kò pọn dandan kí ẹ ní lọ́yà. Fún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, èmi ò ní lọ sí kóòtù. Fún ẹ̀rọ tí mo fi ń jẹun, mo máa lọ.

Lọ́jọ́ tó bá dé

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan kí ẹ tó tú u. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa ká fídíò láti ìgbà tí ẹ bá ti gé téèpù rẹ̀, kí orúkọ tó wà lára páálí hàn níbẹ̀. Tí oníbáìkì bá ní òun ń kánjú, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ fún un lómi tútù. Tí ohun kan bá fọ́ tàbí tó yàtọ̀, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ sì ya fọ́tò ìwé náà.

Èmi ni mo lọ gbé mọ́tọ̀ mi fúnra mi. Mo wọkọ̀ láti Orílé sí Ọ̀ṣòdì, láti Ọ̀ṣòdì sí Agége. Obìnrin tó wà ní káńtà ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n wò ó ná." Mo gé téèpù, mo yọ fóòmù rẹ̀, mo fi ìka yí ọ̀pá rẹ̀. Ó yí wẹ́rẹ́, kò dún. Mo ka àwọn bóòtù tó wà nínú ọ̀rá, mẹ́rin ni, wọ́n pé. Mo wá kọ orúkọ mi, mo kọ "3:10 ọ̀sán, mo ti tú u, ó pé" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ya fọ́tò ìwé náà, mo sì gbé mọ́tọ̀ mi lé orí, ó di ibùdókọ̀.